Kí ẹ tó fi oko dógò n'Ífọ̀

Bàbá kan ní oko obì, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ dé, ó fẹ́ fi oko náà dógò.

Bó bá ṣe ti àwọn baba wa ni, ẹni tó yá a lówó ni yóò wọ oko, tí yóò máa ká obì. Èso yẹn ló dúró fún èlé. Kò sì sí bó ṣe lè pẹ́ tó, àní bó di ayé ọmọ-ọmọ, ẹni tó bá dá owó padà ti gba oko rẹ̀ nìyẹn.

Ti òyìnbó yàtọ̀ sí èyí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1800 sí 1900, ẹni tó fi ilé tàbí oko yáwó kì í kúrò níbẹ̀, èlé ló ń san. Bí kò bá rí i san, ẹni tó yá a lówó lè ta ohun tó fi dógò.

Báyìí náà ni ti báńkì lónìí. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí ìdógò bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìgboro. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ti ilẹ̀ oko. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ báńkì kan tó ń jẹ́ Savannah Bank, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wọ́gi lé ìdógò tí gómìnà kò fọwọ́ sí.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ pe olórí ẹbí. Ẹ ka igi obì, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, lójú ẹlẹ́rìí.