Èdè kan, ìkọ̀wé méjì

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ká ní àbúrò yín tó wà ní Èkó kọ ìwé sí yín. Ẹ ṣí i, ẹ rí e àti o tó ní àmì lábẹ́. Ẹ wá ɛ àti ɔ tí ẹ kọ́ ní kíláàsì, ẹ ò rí wọn. Ẹ wá kp títí, kò sí. Ṣé èdè mìíràn ni? Rárá o, Yorùbá náà ni. Bí ẹ bá torí ìyẹn gbé ìwé náà fún aládùúgbò kó bá yín kà á, ọ̀rọ̀ ilé yín ti di ọ̀rọ̀ ìta nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi fi ìkọ̀wé ti Nàìjíríà tẹ àsọyé yìí, kí ojú yín lè mọ́ ọn.

Ibi tó ti wá nìyí. Ní Nàìjíríà, àwọn míṣọ́nnárì ló ṣètò lẹ́tà Yorùbá. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ní 1875 wọ́n ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Yorùbá kò ní ohùn p ti Faransé, nítorí náà wọ́n fi p dúró fún kp, ó tán.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Benin, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1975, ni ìjọba ṣètò lẹ́tà kan náà fún gbogbo èdè ilẹ̀ wa. Wọ́n tún un ṣe ní 1990. Àwọn Bàrìbá ní p, wọ́n sì ní kp. P kan ò lè ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ wò ó: pápá tí màlúù ti ń jẹko, kpákpá la ń kọ ọ́ níbí. Papa ti Faransé, bàbá ni. Lójú tèmi, tiwa yìí yé ọmọdé kíákíá.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ẹ, ẹ pè é ní ɛ. Ọ, ɔ ni. Ṣ, sh ni. P, kp ni. Mẹ́rin péré! Àmì ohùn tó wà lórí lẹ́tà kò yí padà.

Ẹ tún wo orúkọ ìlú Kútọnu. Faransé ń kọ ọ́ ní Cotonou. C wọn níbẹ̀, k ni. Ou wọn, u ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Fọ̀n, c kì í ṣe k rárá, ó dà bí ìgbà tí t àti sh bá lẹ̀ pọ̀. Bí Fọ̀n bá fi lẹ́tà tirẹ̀ ka Cotonou, ìlú mìíràn ló máa pè! Kutɔnu ni tirẹ̀, ẹnu odò ikú ni wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí.

Tẹlifóònù ló wá burú jù, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi àmì kankan sí i. Ẹnìkan kọ ọ́ pé: “Fi owo oko ranse.” Owó oko ni, àbí owó ọkọ̀? Ẹ lè rò pé ti ajílẹ̀ ni, kí ẹ ní ó di ọjọ́ ọjà, nígbà tó jẹ́ pé aláìsàn ló ń dúró de owó ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹ pè é padà, ẹ bi í.

Ó yá, ẹ ṣí ìwé yín. Ẹ fi lẹ́tà tiwa kọ wọ̀nyí: ọ̀pẹ, ẹṣin, pẹ́pẹ́yẹ, ìṣẹ́po.