A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ìlera Àdúgbò àti Ètò Ìjọba Ìbílẹ̀

      

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera àdúgbò àti ètò ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, Ọ̀ṣun sì ni mo ń bọ láti ìgbà tí ìyá mi ti fà mí lé e lọ́wọ́. Nítorí náà, ojú òṣìṣẹ́ àti ojú olórìṣà ni mo jọ fi ń wo gọ́tà, kànga àti ọjà. Ohun kan ṣoṣo ni ojú méjèèjì fi hàn mí: ètò ìlera tí a bá ṣe lẹ́yìn àwọn tí yóò máa gbé inú rẹ̀ kì í pẹ́ dojú dé. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Àfikún kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà, ibi ìpẹran, ibùdókọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ará ìlú, iṣẹ́ wọn ni. Òpópónà, iná ojú ọ̀nà, gọ́tà àti ọgbà ìtura, iṣẹ́ wọn ni. Kíkó ìdọ̀tí àti ẹ̀gbin dànù, títọ́jú ibi ìsìnkú, iṣẹ́ wọn ni. Òfin sì tún ní kí wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ nínú pípèsè ètò ìlera.

Ẹ padà gbọ́ orúkọ àwọn ibi wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn babańlá wa fi òrìṣà ṣọ́. Oríta àti ọjà, Èṣù ló ni ín. Ẹ wo Ojúẹlẹ́gbà ní Sùúrùlérè níbí, tí a fi ojúbọ rẹ̀ sọ orúkọ àdúgbò. Ibi tí irin àti ọ̀bẹ ti ń ṣiṣẹ́, ibi ìpẹran àti ibùdókọ̀, ti Ògún ni. Omi, ti Ọ̀ṣun àti Yemọja ni. Ewé, ti Ọ̀sanyìn ni. Ilẹ̀ gbígbóná, ti Ọbalúayé ni. Ibojì, ti àwọn tó lọ ṣáájú wa ni. Àwọn àgbà mọ̀ pé níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti ń pàdé, àrùn pẹ̀lú lè bá wọn pàdé níbẹ̀. Wọ́n fi èèwọ̀ yí irú ibi bẹ́ẹ̀ ká, wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa gbá a. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń ṣe ètò lórí oríta, omi àti ọjà, ọ̀rọ̀ tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni wọ́n ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a wà yìí. Ètò ìlera ló bí Yábàá àti Sùúrùlérè bí a ti mọ̀ wọ́n lónìí. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, kò sì tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní 1928, ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board, pé kí ó tún ìlú tò. Àjọ náà ló pín ilẹ̀ ní Yábàá, kí àwọn tó há mọ́ra wọn ní erékùṣù lè rí ibi mí sí. Nígbà tó di 1955, tí òmìnira ń bọ̀ lọ́nà, àjọ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé láàárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ ìdílé wá sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè.

Onímọ̀ ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, bá àwọn tí wọ́n kó wá àti àwọn tó ṣì wà ní erékùṣù sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ilé tuntun náà gba atẹ́gùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà. Owó ọkọ̀ lọ sí erékùṣù àti owó ilé ń jẹ owó oúnjẹ. Àwọn ẹbí tí wọ́n jọ ń wo ọmọ ara wọn, tí wọ́n jọ ń bọ́ àgbà, fọ́n ká. Àwa tí a ń bọ sì mọ ohun mìíràn tó máa ń wà nínú agbo ilé: ojú oórì babańlá, ojúbọ ìdílé, àti ẹni tó mọ ewé tí a fi ń wẹ ọmọ ilé náà. Àwọn tó ṣe ètò yẹn ka yàrá, wọn kò ka ìbátan.

N kò sọ pé kí wọ́n fi ilé tó kún fún eku sílẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ní ilẹ̀ wa, ìlera ju ara líle lọ. Ẹ wo bí a ti ń kíra wa. Lẹ́yìn tí a bá béèrè ara, a óò béèrè ilé, a óò béèrè ọmọ, a óò béèrè iṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá dára, a kì í sọ pé ara le. Ó yẹ kí ètò ìlera béèrè gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí.

Ètò mìíràn wà tó béèrè wọn. Ní Gbájà, ní Sùúrùlérè kan náà, àwọn dókítà ìlera ọmọdé ti Yunifásítì Èkó ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé, kí ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n má baà máa fi gbogbo ọjọ́ tò ní ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti wà lára wọn. Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó gbé ìlera alábọ́dé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tẹnu mọ́ kíkọ́ àwọn ìyá bí a ti ń po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kì í ṣe oníṣẹ̀ṣe, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀, pé ìyá ni oníṣègùn àkọ́kọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn wá tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Olóde kí n tó dárúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn fòfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀nná. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn àwòrò rẹ̀ pé wọ́n ń tan àrùn náà kálẹ̀. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ẹ̀sùn náà; Sapara yìí kan náà sì nífẹ̀ẹ́ sí ewé àti egbò wa. Òfin yẹn kò ya olóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀bàyéjẹ́. Ìmọ̀ tí àwọn àgbà ní nípa yíya aláìsàn sọ́tọ̀, nípa ṣíṣọ́ra fún aṣọ àti ẹní rẹ̀, bá ìsìn náà wọ inú òkùnkùn. Níkẹyìn, àjẹsára ló lé àrùn náà lọ. Ní 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Níbi tí a kò bá ti jókòó, ẹlòmíràn ni yóò sọ irú ẹni tí a jẹ́. Èkejì ni pé ẹni tó bọ̀wọ̀ fún Ọbalúayé kò gbọ́dọ̀ bá àjẹsára jà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kékeré kan hàn yín. Ní àdúgbò kan tí n kò ní dárúkọ, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n la gọ́tà tuntun. Ìyá arúgbó kan, tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ náà ti jẹ́ àbàtà, sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé àgbàrá kì í gba ibẹ̀ lọ, pé ẹ̀yìn ilé ló máa ń gbà. Wọ́n ní kí màmá lọ jókòó. Nígbà tí òjò ńlá dé, omi gọ́tà padà sínú yàrá àwọn èèyàn, ọmọ wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí yàgbẹ́. Ìbéèrè kan péré ni ì bá ti gba owó náà là.

Ẹ kò sì gbàgbé oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí onígbáméjì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Àrùn yìí kì í béèrè ẹ̀sìn. Ní Múṣin, ilé wà tí yàrá mẹ́wàá kọjú sí yàrá mẹ́wàá, tí gbogbo wọn jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, tí kànga kò sì jìnnà sí i. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Kí ló wá kù ká ṣe? Àkókò yìí dára. Ní 11 oṣù Keje, 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní 12 oṣù Keje, 2025, a dìbò yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ ní gbogbo Èkó. Ìwé òfin mọ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ní agbègbè wa: Sùúrùlérè, Lagos Mainland àti Múṣin. Láti 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ ti gé lára wọn dá àwọn ìjọba agbègbè ìdàgbàsókè sílẹ̀, irú Yábàá, Ìtìrẹ́-Ìkátẹ̀, Coker-Aguda àti Odi-Olówó/Ojúwòyè. Kí olúkúlùkù mọ èyí tí ilé rẹ̀ wà, kí ó mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ rẹ̀, kí a má baà máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ wọn. Èkíní, kí àwọn ìyá agbẹ̀bí, àwọn oníṣègùn, àti àwọn ẹlẹ́wẹọmọ ọjà Ojúwòyè ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlera ní wọ́ọ̀dù. Aláboyún púpọ̀ ń kọ́kọ́ kàn sí wọn kí ó tó rí nọ́ọ̀sì. Èkejì, kí ọ̀nà tó já gaara wà láàárín agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ilé ìlera alábọ́dé, kí ó lè gbé aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lọ síbẹ̀ láìbẹ̀rù pé wọn yóò fi í ṣẹ̀sín. Ẹ̀kẹta, kí a tó la ọ̀nà tàbí gọ́tà, kí wọ́n bá àwọn àgbà àdúgbò rìn yí ilẹ̀ náà ká, kí wọ́n kọ kànga, igi ńlá àti ojúbọ sílẹ̀. Igi tó ń ṣíji bo èèyàn nínú ooru Èkó, ìlera ni òun náà. Ẹ rántí pé Ìdí-Àràbà ni ilé ìwòsàn ńlá wa wà. Abẹ́ igi ni orúkọ náà ti wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ béèrè gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ tirẹ̀. A gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú dída ẹbọ sínú ọ̀rá ká tó gbé e sí oríta. Ewé àti igbá yóò jẹrà padà sílẹ̀. Ọ̀rá yóò ṣàn lọ dí gọ́tà, omi ìdọ̀tí yóò sì dúró síwájú ojúbọ Èṣù. Ta la wá bọ níbẹ̀? Kí aláàgbo mọ orísun omi tó fi ń ṣe àgbo, kí ó fọ ìgò rẹ̀, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀. Kí babaláwo tó rí i pé àìsàn ju agbára òun lọ má ṣe dá aláìsàn dúró. Kí àwọn tó ń bọ omi kọ́kọ́ gbá etí omi.

Ní 2023, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni ìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń jíròrò ètò ìṣúná ní wọ́ọ̀dù, láìsí ìlù, láìsí aṣọ funfun, ni mo fẹ́ rí yín. Ẹ lọ. Ẹ jókòó síwájú. Bí wọ́n bá ní ẹ kò wúlò, ẹ fi sùúrù dáhùn, kí ẹ sì tún padà lọ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ni orí kì í sá fún abẹ; ó máa ń jókòó ni, kí ó lè sọ ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ fá.

Kí Ọ̀ṣun fi omi tútù wo àwọn ọmọ wa. Kí Ọ̀sanyìn má ṣe jẹ́ kí ewé kùnà lọ́wọ́ wa. Kí ilẹ̀ Èkó tutù fún wa. Àṣẹ.