Ògbufọ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí A Wo Ìwé Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lálẹ́ òní. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹ fi etí sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ohun tí a fi owó wa rà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Gbogbo wa ni a mọ ògbufọ̀. Bí adájọ́ kò bá gbọ́ èdè ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, ògbufọ̀ ni yóò dúró láàárín àwọn méjèèjì. Bí ògbufọ̀ kò bá wá sí kóòtù lọ́jọ́ náà, adájọ́ ń bẹ, ẹlẹ́jọ́ ń bẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí ẹnì kejì ń wí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú kọ̀ǹpútà. Káàdì kan wà nínú rẹ̀ tí ń ya gbogbo àwòrán tí a ń rí lójú ẹ̀rọ náà. Káàdì yìí ní èdè tirẹ̀. Ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ọ, àfi bí ògbufọ̀ bá wà láàárín wọn. Ògbufọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní dírẹ́bà. Kì í ṣe dírẹ́bà ọkọ̀ ni mo ń wí o.

Linux jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Finland tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki, gbé kernel rẹ̀ jáde. Kernel yìí ni òpómúléró tí gbogbo ìyókù gbé ara lé. Ní 1992, ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ kan tí a ń pè ní GPL, tí ó fún gbogbo ayé láyè láti ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Nínú ilé Linux, kò yẹ kí yàrá kan wà tí onílé kò lè wọ̀.

Ṣùgbọ́n yàrá kan wà. NVIDIA, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ń ṣe káàdì àwòrán tí ó lágbára púpọ̀. Ó ṣe ògbufọ̀ fún Linux, kò sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n ó pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́. A lè lò ó, a kò lè kà á. Kí a má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: ògbufọ̀ náà mọ iṣẹ́. Òun ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe fíìmù àti àwọn tí ń ṣe ìṣirò ńláńlá ń lò. Kí ni ìṣòro wá jẹ́?

Ìṣòro náà ni pé òpómúléró Linux kì í dúró lójú kan. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, kernel titun a jáde, àwọn tí ń ṣe é kò sì ṣèlérí pé ọ̀nà inú rẹ̀ yóò wà bí ó ti wà lánàá. Ògbufọ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú kernel, àwọn tí ó yí ọ̀nà padà náà ni yóò tún un ṣe. Èyí tí a tì pa, ẹni tí ó tì í nìkan ni ó lè tún un ṣe. Bí kernel bá yí padà kí ògbufọ̀ tó mọ̀, ẹni tí ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ lè bá ojú ẹ̀rọ tí ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó gba owó fídíò ìgbéyàwó, tí wọ́n ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣókùnkùn lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀!

Àwọn kan kò káwọ́ gbera. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ń pè ní Nouveau. Wọ́n ń ṣọ́ ohun tí ògbufọ̀ náà ń sọ fún káàdì, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi gbọ́ èdè náà. Ní 2010, Nouveau bá kernel jáde. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì GTX 900 tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 2014 ń béèrè òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí a mú eré wọn pọ̀ sí i. Nouveau kò ní òǹtẹ̀ náà, káàdì alágbára sì wá ń rìn bí ọkọ̀ tí kò lè kúrò ní jíà kìn-ín-ní.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní 2007, AMD kéde pé òun yóò fi ìwé àlàyé àwọn káàdì òun síta. Lónìí, ògbufọ̀ AMD àti ti Intel wà nínú kernel. NVIDIA náà, ní oṣù May 2022, ṣí apá tí ó wọ inú kernel sílẹ̀, fún àwọn káàdì ìran Turing ti 2018 àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ilẹ̀kùn ni a ṣí: apá tí ó wà lóde kernel, tí ń ṣe ètò àwòrán gan-an, ṣì wà ní títì pa.

Ẹni tí ó wà nínú ewu jù ni ẹni tí káàdì rẹ̀ ti dàgbà. Àwọn káàdì Fermi bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 2010. Ní òpin 2022, ilé-iṣẹ́ dáwọ́ ìtọ́jú ògbufọ̀ wọn dúró. Káàdì kò bàjẹ́, fáànù rẹ̀ ń yí. Ògbufọ̀ rẹ̀ ni kò wá sí kóòtù mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà níhìn-ín, nítorí pé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń rà.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Èkíní, ẹ má ṣe gba ògbufọ̀ yìí ní ibòmíràn bí kò ṣe láti inú àká àwọn tí ó ṣe irú Linux tí ẹ ń lò, ìbáà ṣe Ubuntu tàbí Debian. Wọ́n sábà máa ń mú òun àti kernel bá ara wọn mu. Èkejì, ẹ má ṣe pa kernel àtijọ́ rẹ́. Bí titun bá kọ̀, ẹ ó padà sínú ti àná, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Ẹ̀kẹta, bí iṣẹ́ pàtàkì bá kù sí ọ̀la, ẹ má ṣe gba kernel titun lálẹ́ òní. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń lọ ra kọ̀ǹpútà, ẹ mú Linux dání lórí fúláàṣì, kí ẹ tan ẹ̀rọ náà láti orí rẹ̀ lójú ẹni tí ń tà á. Ẹ kọ lspci, yóò sọ orúkọ káàdì náà fún yín. Ẹ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju káàdì rẹ̀ nù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ògbufọ̀ yìí, kí ó lò ó, kí ó fi sùúrù lò ó, nítorí sùúrù ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ohun tí òun rà àti ohun tí òun ní àṣẹ lé lórí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìgbà tí a óò rí ohun tí a rà lò, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ na owó yín, ẹ má ṣe béèrè pé, "Ó lágbára tó?" nìkan. Ẹ tún béèrè pé, "Ta ni yóò tún un ṣe fún mi, bí ẹni tí ó ṣe é bá ti gbàgbé mi?"