Kí Ìkòkò Aró Má Ṣe Di Àfọ́kù

 

Nígbàkígbà tí a bá ń súre, a máa ń dárúkọ agbe nítorí aró rẹ̀, a sì máa ń dárúkọ àlùkò nítorí osùn rẹ̀. Gbogbo wa a sì dáhùn pé àṣẹ. Nínú àwa tí a ń ṣe àṣẹ yìí, ta ló ṣì mọ bí a ṣe ń po aró?

Aró kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ewé ẹ̀lú tútù ni àwọn ìyá wa ń já. Wọn a gún un lódó, wọn a mọ ọ́n ní róbótó, wọn a sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ni eérú. Inú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu ni wọ́n ń kó o sí. Wọn a gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, wọn a da omi sí i. Omi tó bá kán sísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀lú fún ọjọ́ mélòó kan, títí òórùn rẹ̀ yóò fi yí padà.

Bí a bá ti aṣọ bọ̀ ọ́, tí a fà á jáde, àwọ̀ ewé ni a óò kọ́kọ́ rí. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ó ti bàjẹ́, yóò sì dà á nù. A óò tún tì í bọ̀ ọ́, a óò tún fẹ́ ẹ, títí yóò fi dúdú dáadáa. Ẹ̀bá ìkòkò ni a ti ń kọ́ èyí.

Ní 1897 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró àtọwọ́dá ní Jámánì. Ó yá, ó sì rọrùn. N kò bá ẹni tó ń lò ó jà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n sódà tí wọ́n fi ń pò ó ń jó ọwọ́, omi rẹ̀ kò sì yẹ ní dídà sẹ́bàá kànga.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa fún gbogbo ayé. A dúpẹ́. Àmọ́ ẹ rántí pé ìró àti gèlè àwọn ìyá wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń wọ̀ jó. Bí a bá gbé ère lárugẹ, tí ọwọ́ tó ń rẹ aṣọ sì kú, ìdajì la gbé lárugẹ.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀ tí a óò fi gbin ẹ̀lú, nítorí igbó tí a ti ń já a ń di oko. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ san owó fún ìyá aláró kọ̀ọ̀kan tó bá gba ọmọ méjì kọ́. Ìyá àgbà kò lè fi ebi kọ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù wa ní aṣọ kan lára tí a rẹ nílùú yìí, ìbáà ṣe ìborùn lásán.

Ìyá tó bá ti lọ kò lè padà wá júwe bí eérú ṣe ń tó. Ẹ jẹ́ ká bi í nísinsìnyí tó ṣì jókòó láàárín wa.

Kétu á gbè wá o.