Yíyan Akọ́nimọ̀ọ́gbá fún Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, tí a sì tẹ̀ nítorí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀ àti lẹ́yìn odi.)



Ohun tí a ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí lè dà bí eré létí àwọn àgbà, ṣùgbọ́n ó ti ń da ilé rú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ń tọ́jú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wa ti ṣí lọ, ẹni mẹ́ta ni a sì ń dárúkọ láti rọ́pò rẹ̀. Èkíní jẹ́ ọmọ bíbí Ìkòsí. Èkejì ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun lókè òkun nígbà èwe rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì kàn. Ẹ̀kẹta jẹ́ àlejò láàrin wa, ṣùgbọ́n ó ti ran akọ́nimọ̀ọ́gbá àtijọ́ lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́rin, ó sì mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Nídìí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní Kétu, àti nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mile 12, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń fà. Mo mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí kò kí ara wọn mọ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn tí ń wí pé ọmọ ilé ni kí a mú kò ṣàìní ẹ̀rí. Stephen Keshi, ọmọ Nàìjíríà, ni ó kó wa gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní South Africa ní ọdún 2013. Àwọn tí ń wí pé àlejò kò burú náà ní ẹ̀rí tiwọn. Otto Glória, ará Brazil, ni ó ń darí wa nígbà tí a fi ayò 3 sí òdo na Algeria ní Súrùlérè ní ọdún 1980. Clemens Westerhof, ará Netherlands, ni ó sì kó wa gba ife náà ní Tunisia ní ọdún 1994. Nítorí náà, ìlú tí ènìyàn ti wá kọ́ ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Orúkọ ńlá ńkọ́? Ní April 2024 ni wọ́n fi Finidi George ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles. Ọmọ ilé ni. Ó wà nínú Ajax tí ó gba ife Yúróòpù ní ọdún 1995. Ó sì ti kó Enyimba gba ife líìgì Nàìjíríà ní ọdún 2023. Kí ni ó kù? Ní June, àwa àti South Africa ta ọ̀mì 1 sí 1 ní Uyo. Lẹ́yìn náà orílẹ̀-èdè Benin na wa ní ayò 2 sí 1 ní Abidjan. Kí oṣù náà tó parí, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ta sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Benin lọ́jọ́ náà? Gernot Rohr, ará Jámánì, ẹni tí àwa fúnra wa lé ní December 2021!

Ẹ tún wo Ivory Coast. Ní January 2024, Equatorial Guinea fi ayò 4 sí òdo nà wọ́n nínú ilé wọn. Wọ́n jẹ́ kí Jean-Louis Gasset máa lọ, wọ́n fẹ́ yá Hervé Renard lọ́wọ́ Faransé, wọn kò rí i yá. Emerse Faé, igbákejì tí ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, ni wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ó di February, òun ni ó na àwa gan-an ní ayò 2 sí 1, tí ó sì gba ife.

Ẹ̀yin tí ń bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ti Manchester United. Alex Ferguson dé ibẹ̀ ní November 1986. Ọdún 1990 ni ó tó gba ife àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti lé e ṣáájú ìgbà náà, ta ni ìbá mọ ohun tí wọ́n sọ nù?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ àwọn ọmọ wa fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì ní gbangba, kí ìgbìmọ̀ sì wò ó. Ẹni tí a bá mú, kí a kọ ìwé àdéhùn ọdún méjì fún un, kí Akápò pèsè bọ́ọ̀lù àti owó ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì pariwo kí a lé e nítorí ọjọ́ kan tí a nà wá.

Bí ẹ bá bi mí léèrè, ẹ̀kẹta ni ọkàn mi fà sí. Ẹ má ṣe wí pé nǹkan rọrùn fún mi láti sọ, nítorí ọmọ Ìkòsí tí a dárúkọ yẹn, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Mo ti sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ níbí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì náà bá fi hàn pé òun ni ó mọ̀ ọ́n jù, èmi ni n ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn ọmọ náà ni a ń wá olùkọ́ fún. A kò wá ẹni tí a ó fi ṣe fáàrí. Kí ìlú wa máa tòrò.