Kí A Tó Kọ́ Géètì: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Wa àti Ìdánwò JAMB

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ní Aké, Abẹ́òkúta)

Mo wo ojú yín títí, mo rí i pé irun ọ̀pọ̀ nínú wa ti funfun, ikùn àwọn mìíràn sì ń ṣáájú wọn wọlé. Kò burú. Ẹni tó bá dàgbà ló ń hewú. A dúpẹ́ náà ni.

Ìṣẹ́jú 15 ni alága fún mi, ó ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọmọ tó wà ní SS3 ṣe lè múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Mo mọ ìdí tó fi yàn mí. Ọdún 33 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Kẹ́mísìrì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà tí alága ò mọ̀. Èmi fúnra mi fìdí rẹmi nínú JAMB.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sẹ́ẹ̀tì 1979 ni wá. Èsì WAEC mi dára, ẹ̀yin tí a jọ jáde mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1980 mo jókòó fún JAMB, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Bí a ṣe ń kọ àlàyé gígùn ni wọ́n kọ́ wa. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọ́ àkókò. Mo bá ìbéèrè ìṣirò kan pàdé, ó le, mo ní mi ò ní fi í sílẹ̀. Mo jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ òkú. Nígbà tí wọ́n ní ká gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, àwọn ìbéèrè tí n kò tíì fọwọ́ kàn rárá ń wò mí lójú. Ìyá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé ọmọ òun ń lọ sí Yunifásítì Ifẹ̀. Odidi ọdún kan ló fi ń dá wọn lóhùn pé, "Ó kù díẹ̀, ó ń bọ̀." Mo wọlé ní ọdún kejì, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ojú ìyá mi títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, tí Baptist Boys' High School sì tẹ̀lé e ní 1923, ìdánwò tó ń ti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni àwọn bàbá wa ń múra sílẹ̀ fún. WAEC dé ní 1952. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọmọ tirẹ̀ nígbà náà. Ọmọ kan lè gba àyè mẹ́ta, kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Ní 2010 wọ́n pa ìdánwò yunifásítì àti ti pólì pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní UTME. Ní 2013 kọ̀ǹpútà yọjú, nígbà tó sì fi máa di 2015, bébà àti pẹ́ńsù ti kúrò nílẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Nígbà tiwa, báyìí la ṣe ṣe é," ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ìdánwò tiwa kọ́ ni wọ́n ń ṣe.

Bí tiwọn ṣe rí nìyí. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ìkọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún wọn. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Kí ẹ tó wá gíláàsì yín wọ̀, ó ti lọ.

Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Ọmọ náà mọ Kẹ́mísìrì dójú àmì. Bí mo bá ṣi nǹkan kọ sójú pátákó, òun ló máa ń rí i. Ó lọ ṣe JAMB, ó dé pẹ̀lú ojú wíwú. Ó ní, "Sà, máòsì yẹn ò gbọ́ tèmi. Bí mo bá fẹ́ tẹ ibí, á sá lọ sí ọ̀hún." Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni ọmọ yẹn kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kò nílò máòsì rárá! Bọ́tìnnì mẹ́jọ tó láti fi ṣe gbogbo ìdánwò náà: A, B, C àti D láti fi mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti dá ìparí náà dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni èèyàn fi lè kọ́ ọmọ ní èyí. N kò kọ́ ọ. N kò tilẹ̀ bi í léèrè bóyá ó ti rí kọ̀ǹpútà rí. Ẹ̀bi mi ni, mo sì ti bẹ̀ ẹ́.

Kí wá ni ó yẹ ká máa kọ́ wọn? Èkínní, yíyan iṣẹ́. Ọmọ tó fẹ́ ṣe dókítà gbọ́dọ̀ mú Gẹ̀ẹ́sì, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ẹni tó fẹ́ ṣe lọ́yà, ó dára kó mú Lítíréṣọ̀. Mo ti rí ọmọ tó gba máàkì tó pọ̀, tí kò wọlé nítorí pé iṣẹ́ kan ṣì. Èkejì, àkókò: ìbéèrè tó bá le, fò ó, padà wá nígbà tó bá yá, má sì fi ẹyọ kan sílẹ̀ láìdáhùn. Ẹ̀kẹta, ìwé kíkà. JAMB máa ń yan ìwé ìtàn kan tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ kà. Ní 2025, The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ka ìwé náà, àkékúrú rẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Ní ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859! Ẹ̀kẹrin, kọ̀ǹpútà, mo ti sọ ìyẹn.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká máa pe àwọn ọmọ yìí ní ọ̀lẹ ṣá. Ní oṣù karùn-ún 2025, nínú àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, JAMB ní iye tó ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ ni kò gba 200 nínú 400. Gbogbo àgbà ló pariwo pé fóònù ló ba tiwọn jẹ́. Kò pẹ́, JAMB jáde wá sọ pé àṣìṣe ẹ̀rọ wà ní sẹ́ńtà 157, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìgbò. Ọmọ 379,997 ló ní láti tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Kí n sọ òótọ́ kejì náà o: ẹ yọ gbogbo àwọn wọ̀nyẹn kúrò nínú mílíọ̀nù kan àbọ̀, ó ṣì ku iye tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ̀rọ ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwa náà ò múra fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣòro fún mi láti sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sílé mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun wá "sẹ́ńtà tó dáa" fún ọmọ òun. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn ló ń wí. Mo ní n kò ní í ṣe é, mo ní kó jẹ́ kí ọmọ náà máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó bínú kúrò ńlé mi. Àárín wa ò tíì gún títí di òní, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọmọ tó ra JAMB, yóò ra ti yunifásítì, lọ́jọ́ kan yóò wá dúró lórí yín pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, yóò ní dókítà ni òun.

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbi, ẹ ẹ̀ gbàgbé bí ìtàn náà ṣe lọ. Kì í ṣe idà ni Lísàbi kọ́kọ́ gbé. Àáró ló dá. Lónìí wọ́n ro oko tèmi, lọ́la wọ́n ro tìrẹ, látinú ẹgbẹ́ àáró yẹn ni agbára tó fi gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ ti jáde. Ẹgbẹ́ wa yìí, àáró kọ́ ni bí?

Mo mọ̀ pé géètì tuntun wà nínú ètò tí a fẹ́ fọwọ́ sí ní ọ̀sán yìí. Géètì dára. Èèyàn á máa rí orúkọ sẹ́ẹ̀tì wa lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí géètì dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó náà ra kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́wàá àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, nítorí iná mànàmáná kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ká yan yàrá kan, ká sì pín Sátidé láàárín ara wa. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wa, ẹnjiníà wà, nọ́ọ̀sì wà. Ẹni tí kò lè kọ́ni lè mú oúnjẹ wá. Ebi kì í wọnú kí ẹ̀kọ́ wọ̀ ọ́. Bí ọmọ kan bá sì ní iṣẹ́ ọwọ́ ni òun fẹ́, ẹ má fi JAMB dá a lóró; ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́ lọ́nà tirẹ̀.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, èmi á ti wà ní yàrá náà, bí kọ̀ǹpútà dé, bí kò dé. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá wá, a ó bẹ̀rẹ̀. N kò fẹ́ kí ìyá kankan ní Ìtòkú tún fi odidi ọdún kan sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Ó kù díẹ̀."

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún pàdé ní ọdún tó ń bọ̀.