Àlàfo Inú Ìwé Orúkọ Wa

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí n má sì pẹ́.

Ìwé orúkọ méjì la ní: ti Ìwó níbí, àti ti ẹ̀ka Èkó. Ká ní ti Ìwó kọ "Àjàní, Yẹ́lò Háúsì", kò kọ ọdún. Ti Èkó kọ "Àjàní, 1984", kò kọ háúsì. Ṣé ẹnì kan náà ni? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, ìwé yìí la ó wò ká tó fún ẹbí rẹ̀ lówó.

Irú ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní unification. J. Alan Robinson ló ṣàlàyé ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà ṣe é, lọ́dún 1965. Gbólóhùn méjì ní àlàfo. Kí la lè fi dí i tí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan? 1984 á dí ti Ìwó, Yẹ́lò Háúsì á dí ti Èkó. Bí Ìwó bá kọ 1987 ńkọ́? Kò bára mu nìyẹn, ó parí. Bí kò bá sì sí ọdún nínú méjèèjì, ẹ̀rọ kì í méfò: á kàn so àlàfo méjèèjì pọ̀, ohun tó bá dí ọ̀kan ló dí èkejì. Èyí ló wù mí jù níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: pé wọ́n bára mu kò ní kí wọ́n jẹ́ ẹnì kan náà. Àjàní lè jẹ́ méjì.

Látọdún 1972 ni Colmerauer àti Roussel ti gbé Prolog kalẹ̀ ní Marseille, ilẹ̀ Faransé, lórí ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ẹ lọ kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tuntun. Iṣẹ́ àṣesílẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní library, ẹ ó kàn mú un lò nínú èdè tí ẹ ti mọ̀. MiniKanren, tí Friedman, Byrd àti Kiselyov fi sínú ìwé wọn lọ́dún 2005, wà fún Scheme. Irú rẹ̀ ti wà fún Clojure àti Python.

Ibì kan wà tó yẹ ká ti ṣọ́ra. Bí ẹ bá ní "X ni ọmọ X", tí ẹ fi dí X, á di ọmọ ọmọ X, ọmọ ọmọ ọmọ X, kò ní tán láéláé. Kí iṣẹ́ lè yá, Prolog kì í sábà yẹ èyí wò. MiniKanren inú ìwé yẹn náà kì í yẹ̀ ẹ́ wò, àfi bí ẹ bá dìídì lo oríṣi tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, kí a tó gbé ìwé méjèèjì sínú kọ̀ǹpútà, mo bẹ yín, ẹni tí kò bá rántí ọdún tó jáde, kó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ akọ̀wé.